Alàgbà Tó Ń Jẹ Gbànja ní Kọ̀rọ̀

"Ẹ̀yin ará, òtítọ́ kan wà tí mo gbé mì, kò dà nínú mi. Bí n kò bá bì í síwájú yín lónìí, òun ni yóò pa mí."

Báyìí ni Alàgbà Lágúnjú ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó gba máíkì lọ́wọ́ Olùṣọ́àgùntàn Oyèwọlé ní ọjọ́ Àìkú kan. Ìjọ pariwo, "Halelúyà!" Ẹ̀rí ìwòsàn ni wọ́n rò pé ó fẹ́ jẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lórí àyà alàgbà yìí, àyà tó ń já láìsí ẹni tó lé e, ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí ewé kókò, oorun tó kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn akọrin tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ láàrin ara wọn, orin ọpẹ́ tí wọn yóò dá.

Kóòtù aláwọ̀ eérú ló wọ̀, èyí tó rà ní ìlú Òyìnbó lọ́dún tó gba oyè dókítà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó ti dúró síwájú dígí, ó gbìyànjú ojú ẹkún, ó gbìyànjú ojú ìrònúpìwàdà, ó sì mú èyí tó bá kóòtù lọ. Ẹni tó ń lọ bọ́ra sí ìhòòhò lójú ọjà, ó ṣì fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tó fẹ́ bọ́!

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tí Lágúnjú í ṣe ná. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní yunifásítì, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bí o bá pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú", etí rẹ̀ á di. Bí o bá pè é ní "Dókítà", á rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní "Alàgbà Dókítà", á ti jẹ́ ọ kí o tó pè é tán. Oyè kan ṣoṣo ló kù tí kò tí ì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìyẹn oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Oyè yìí ló fa gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún 1994 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dá páropáro, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá nǹkan ṣe. Òmíràn ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò láti Ṣábó lọ sí Ẹnuwá, òmíràn gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Lágúnjú ní ọwọ́ tóun fi kọ̀wé ní ìlú Òyìnbó kọ́ lòun ó fi máa gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ aláta. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń kọ ìwé ìwádìí, kó lè jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ti wọlé ni wọn yóò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n oorun ń gbé e lórí tábìlì. Ni ó bá rántí ohun tó máa ń là á lójú nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: gbànja. Ẹ̀yà kan, ojú là. Ẹ̀yà méjì, ọ̀rọ̀ ń wá. Kó tó pẹ́, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ ẹ́.

Ibi tó ti wá le ni pé ìjọ tiwọn kì í fọwọ́ kan obì. Oúnjẹ òrìṣà ni wọ́n pè é. Ta ló sì fẹ́ràn láti máa wí i bíi Lágúnjú? Níbi ìkómọjáde kan, ìyá àgbà ọmọ náà, Ìyá Àtọ́kẹ́, gbé obì sínú àwo àdúrà pẹ̀lú oyin àti iyọ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nígbà tí wọ́n bí i. Lágúnjú fi ìka méjì gbé obì náà bí ẹni gbé òkú eku, ó jù ú sí gọ́tà. "Nínú ilé onígbàgbọ́!" ló wí. Ìyá arúgbó bú sẹ́kún. Ìjọ yin alàgbà wọn. Nínú àpò kóòtù alàgbà, gbànja wà nínú agolo súìtì kan, ó ń dún wóró-wóró bó ti ń rìn padà síbi ìjókòó rẹ̀.

"Mo gbọ́ ìró rẹ̀," ó sọ èyí fún ìjọ. "Mo da obì ìyá arúgbó nù, mo sì ń gbọ́ ìró tèmi lápò. Ẹ mọ ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà? Mi ò rò pé ó yẹ kójú tì mí. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá délé, ó yẹ kí n fi òwú há inú agolo yẹn."

Ibo ló ti ń rà á? Kò jẹ́ rà á ní Ẹnuwá, níbi tí ọmọ ìjọ wà ní gbogbo igun. Ẹdúnàbọ̀n ló ń lọ, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, lọ́dọ̀ olóbì kan tó ń jẹ́ Mojíre. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mojíre wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ta lẹ ń ra gbànja fún? Ẹnu yín ò jọ tẹni tó ń jẹ obì."

"Bàbá mi ni. Wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ ẹ́."

Bàbá Lágúnjú rèé, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán kí ọmọ rẹ̀ tó fojú kan ìlú Òyìnbó.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú òbí," ni Mojíre wí. "Ọmọ tiyín náà á tọ́jú yín. Ẹ gba ẹ̀ẹ́nì yìí, ẹ ní èmi ni mo ní kí Bàbá fi panu."

Lágúnjú ní, "Àmín," ó sì gba ẹ̀ẹ́nì òkú. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin yìí bá ti rí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni á ti máa ké pé, "Bàbá ńkọ́? Eyín wọn ṣì gbé e?" Lágúnjú á ní, "Ó gbé e dáadáa." Bí bàbá tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣe di ẹni tó ń jẹ gbànja ju gbogbo onímọ́tò ọ̀nà Ìbàdàn lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ wọlé padà. Ní ìpàdé ẹ̀ka wọn, wọ́n ní kí Lágúnjú sọ̀rọ̀. Ó dìde, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí ẹni ń gún iyán fún àlejò. Òógùn bò ó, ilẹ̀ ń yí lójú rẹ̀, ó sì dá a lójú pé ikú dé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ìlú, lọ́dọ̀ Dókítà Habibah, ọmọ Ìwó kan tó kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ àti ọkàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tòde, ó ní kò sí àrùn lára ọkàn tó ń lù náà fúnra rẹ̀. Àìbalẹ̀ ọkàn ló di àìsàn sí i lára. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àfiṣe, ó sì ní oògùn.

"Ojoojúmọ́ lẹ ó máa lò ó, sà. Kì í ṣe bí oògùn orí fífọ́ tí èèyàn ń lò tó ń rí ìtura lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀ ń mu kọfí?"

"Rárá."

"Ọtí ńkọ́?"

"Dókítà, alàgbà ìjọ ni mí."

"Obì ńkọ́, àbí gbànja? Gbogbo aláìsàn mi ni mo máa ń bi, sà, torí gbànja máa ń lé àyà sáré. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ tó tún ń lo oògùn yìí, ọwọ́ kan ló fi ń fa ìjánu ẹṣin, ó wá ń fi ìkejì na ẹṣin lẹ́gba."

Lágúnjú wò ó bí ẹni tí wọ́n bú ní bàbá. "Obì? Nínú ilé tèmi? Ọmọ mi, oúnjẹ òrìṣà nìyẹn."

"Ẹ má bínú, sà."

Dókítà ló wá ń tọrọ àforíjì! Lágúnjú sì fi ìwà àgbà gbà á.

"Ẹ ò rí mi bí?" ló bi ìjọ. "Láti ọjọ́ kìíní pàá ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Mi ò ní àwáwí. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá tó yé ọmọdé, èmi tí mo gba oyè dókítà."

Oògùn kò ṣiṣẹ́. Báwo ni ì bá ṣe ṣiṣẹ́? Dókítà Habibah kò kánjú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rètí nù. Ó ní bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá mú ìtura wá, kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Ó bi í bóyá ó ń gbàgbé láti lò ó. Kò gbàgbé. Ó fi díẹ̀ kún ìwọ̀n rẹ̀, Lágúnjú náà fi díẹ̀ kún gbànja, torí pé oògùn ń kùn ún lóorun lọ́sàn-án. Dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá kókó inú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ nígbà mìíràn ló ń lé àyà rẹ̀ sáré. Ẹ̀jẹ̀ mọ́. Dókítà dín oògùn àkọ́kọ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ikùn mí bí ìpayà bá dé. Ó ní kó máa rìn láàárọ̀. Lágúnjú ń rìn lóòótọ́, títí dé ibi tí igi ti bo ojú ọ̀nà, tí èèyàn ti lè máa jẹnu láìsí ẹni tó rí i.

Bó bá wá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á mi orí. "Àwọn dókítà òde òní! Ọmọbìnrin yẹn ò mọ ohun tó ń ṣe mí rárá. Ọ̀rọ̀ tèmi jìn ju ìwé tó kà lọ." Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ onígbéraga aláìsàn bíi kí dókítà má mọ àìsàn rẹ̀, á dà bí ẹni pé àìsàn náà kàwé ju dókítà lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èèyàn wọn kúrò lọ́dọ̀ Habibah.

Níkẹyìn, dókítà ní ọ̀nà kan kù tí wọn kò tí ì tọ̀, ìyẹn ni kí aláìsàn máa wá jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ìpayà tó dé, kí wọ́n jọ máa tú u wò. Ó ní ó ti wo àwọn tí oògùn nìkan kò tó fún sàn báyìí. "Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni oògùn ibẹ̀, sà. Tẹ́ ẹ bá parọ́ fún mi, irọ́ yẹn ni màá máa wò, màá sì fi yín sílẹ̀."

Àsìkò yìí gan-an ni nǹkan rere ṣẹlẹ̀ nílé Lágúnjú. Ìyàwó rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé, olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú Òyìnbó, òun nìkan ló tọ́ Tèmítọ́pẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò sì sẹ́ni tó pè é ní nǹkankan ju "ìyàwó Dókítà" lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá yàn án láti Òṣogbo pé kó lọ ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Ìlá. Yóò máa gbé ọ̀hún, yóò sì máa wálé ní ọjọ́ Ẹtì. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń kọrin bó ti ń gbálẹ̀. Ó ra bàtà aláwọ̀ dúdú kan tí yóò wọ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àpótí.

Inú Lágúnjú kò dùn. Wọn yóò máa pe ìyàwó rẹ̀ ní "Ọ̀gá", òun alára kò sì tí ì di ọ̀jọ̀gbọ́n! Àti pé ta ni yóò máa bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà Habibah bi í pé, "Ní Sátidé tí àyà yín já yẹn, kí lẹ ṣe gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Ohun tó ṣe gbẹ̀yìn ni pé ó ti Ẹdúnàbọ̀n dé, ó sì jẹ odindi gbànja kan nínú ọkọ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àjà, ó ní, "Ìyàwó mi ni."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ Ìlá yìí ni. Bó bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bí ẹni tó fẹ́ kú sílé nìkan ni mo ṣe máa ń rí."

Dókítà ránṣẹ́ pe Abọ́sẹ̀dé. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún un, ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o, mà. Mo kàn fẹ́ ká jọ mọ ohun tí ọkọ yín sọ ni." Ṣùgbọ́n ohun tí Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ló gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé Ẹnuwá, ó wí pé, "Ṣé èmi ni mo ti ń pa yín látọjọ́ yìí, tí mi ò mọ̀?"

Lágúnjú mí kanlẹ̀. "Má dá ara rẹ lẹ́bi," ló wí. Olè ló ń tu onílé nínú pé kó má banú jẹ́ jù!

Abọ́sẹ̀dé lọ sí Òṣogbo, ó ní òun kò lè gba ipò náà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kabir, tó wà nídìí ètò náà, kò fẹ́ gbọ́. "Mà, ẹ lọ rò ó dáadáa. Títí di ọjọ́ tí ilé-ìwé á wọlé, a ò ní fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó ti bọ́ nìyẹn." Abọ́sẹ̀dé ní kò sí ohun tóun fẹ́ rò mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Lágúnjú wa ọkọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. "Ọ̀gá, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lónìí!" ni Mojíre wí. "Bàbá gbádùn?" Lágúnjú ní, "Bàbá gbádùn gan-an."

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ fara balẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú àwọn obìnrin pé. Wọ́n ní kí arábìnrin tó bá ní ẹ̀rí jáde wá. Abọ́sẹ̀dé jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo fẹ́ di ọ̀gá. Ìfẹ́ ipò wọ̀ mí lẹ́wù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ mi. Mo ti fi Ìlá sílẹ̀. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn." Àwọn ìyá ń nu ojú. Olùṣọ́àgùntàn gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Olúwa, dárí ji ìránṣẹ́bìnrin rẹ yìí." Gbogbo ilé dáhùn pé, "Àmín!"

Àmín Lágúnjú ló ròkè jù.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà tún kúnlẹ̀ fún un nínú pálọ̀. "Bàbá Tèmítọ́pẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ti dárí jì mí?"

Lágúnjú gbé máíkì sún mọ́ ẹnu níbi tó dé yìí. "Ẹ̀yin ará, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, 'Mo ti dárí jì ọ́.' Ẹnu tó sọ ọ́ ń rùn gbànja. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó rò pé ẹkún ni mò ń fi pa mọ́ fún un. Ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú mi."

Lẹ́yìn èyí, kò lè jẹun mọ́. Dókítà Habibah ní ọgbọ́n tán nínú òun. Òun yóò fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn, wọn yóò dá a dúró síbẹ̀, ẹnì kan yóò sì máa gbé tì í. Ní ọjọ́rú, Abọ́sẹ̀dé gbé àpótí tó ti dì fún Ìlá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń yọ aṣọ tirẹ̀, ó ń fi ti ọkọ rẹ̀ sí i. Ó mú bàtà dúdú náà, ó wò ó díẹ̀, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀.

"Ilé-ìwé ń wọlé lọ́jọ́ Ajé," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò burú. Màá fiṣẹ́ olùkọ́ gan-an sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lọ́kọ láàyè ló ń wá ipò."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti já nínú Lágúnjú. Òtítọ́ gun ọ̀fun rẹ̀ wá, ó kù díẹ̀ kó jábọ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá, kò sí àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wo yàrá, ó rí i pé èèyàn inú rẹ̀ kéré jù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, níwájú ìjọ ni yóò ti rinlẹ̀! Ó gbé òtítọ́ mì padà di ọjọ́ Àìkú, ó sì fi obìnrin náà sílẹ̀ kó máa fi omijé di ẹrù.

Ohun tó mú un dé iwájú ìjọ nìyí, òun àti kóòtù rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán. Alàgbà mìíràn tó jókòó nítòsí fèrèsé rọra fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Láti ẹ̀yìn ni ohùn arúgbó kan ti wá, ohùn Ìyá Àtọ́kẹ́: "Obì tèmi tẹ́ ẹ dà sí gọ́tà ńkọ́?"

Lágúnjú kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ọlọ́run, ìjọ, ìyàwó mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi mí ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí oògùn tí wọ́n fún yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má tí ì bú dókítà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ kò sọ fún un. Ìpayà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Irọ́ tí mo fi bò ó ni ìtìjú." Ó sunkún. Ẹkún náà dára. Òun alára gbọ́ ọ pé ó dára.

Ara tu Olùṣọ́àgùntàn. "Ògo! Arábìnrin Abọ́sẹ̀dé, ẹ jáde wá, ẹ wá dì mọ́ ọkọ yín."

Abọ́sẹ̀dé jáde wá. Kò dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ gba máíkì.

"Bàbá Tèmítọ́pẹ́, ìgbà wo lẹ pinnu pé ẹ ó sọ ọ́?"

"Ọjọ́rú."

"Nígbà tí mò ń di ẹrù yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yàrá kan náà la wà, ẹ wá dúró de èrò." Ó yíjú sí ìjọ. "Ẹ̀yin ará, mo tọrọ ìdáríjì níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sì ṣe àmín. Mo wá gbà á padà. N kò ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àmín yín padà lórí mi."

"Arábìnrin," ni Olùṣọ́àgùntàn wí, "a kì í gba àmín padà."

"Ẹ dì í mú nígbà náà, sà. Èmi ò sí níbẹ̀ mọ́." Ó dá máíkì padà, ó sì bá àárín ìjókòó jáde lọ. Kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Ilé-ìwé ń wọlé lọ́la.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Ọ̀gbẹ́ni Kabir tó jókòó ní Òṣogbo, Abọ́sẹ̀dé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tòun ti àpótí. "Ẹ ti fi ẹlòmíì síbẹ̀?" Kabir bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ta ló ń du Ìlá? Àyè yín ń bẹ níbẹ̀." Kó tó di ìyálẹ̀ta, ó ti wọkọ̀.

Lágúnjú náà lọ sọ tẹnu rẹ̀ fún Dókítà Habibah. Dókítà ká ọwọ́ lórí tábìlì, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Alàgbà, mo bi yín."

"Ẹ bi mí."

"Ẹ pè mí ní ọmọ yín, ẹ wàásù fún mi. Mo sùn ti ìwé nítorí yín. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó mí sókè, ó fa bébà. "Ó dáa. Ẹ ò ní lọ síbì kankan. A máa dín gbànja yẹn kù díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá já a lójijì, orí á fọ́ yín débi pé ẹ ó tún máa sá padà sí Ẹdúnàbọ̀n. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ ó sọ bó ṣe rí."

Orí fọ́ ọ lóòótọ́. Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù fúnra rẹ̀, ó jó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbànja kúrò lọ́nà, oògùn rí àyè ṣiṣẹ́, ọwọ́ tó ń gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìpayà ṣì ń wá nígbà mìíràn, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe wá. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kò tí ì dé. Abọ́sẹ̀dé náà kò tí ì wálé ní ọjọ́ Ẹtì kankan.

Níkẹyìn, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlá. Ó bá àwọn òbí ọmọ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹjọ́ tirẹ̀. Ìyá kan tó ń tọ́jú ọ́fíìsì náà bi í pé, "Ta ni kí n sọ pé ó wá?"

"Ẹ ní ọkọ wọn ni. Ẹ ní mo wá bẹ̀bẹ̀."

Ìyá náà wọlé. Lágúnjú gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, ó ń bá ọmọ kan wí lórí ìṣirò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀. Ìyá náà jáde.

"Ọ̀gá ní àwọn òbí ló ṣáájú. Wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó."

Lágúnjú wá àyè ní ìparí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó.